Kí ni ẹja sheepshead ń fi eyín tó jọ ti ènìyàn ṣe?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo máa ń pẹja ní Galveston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ní Sátidé tó kọjá, mo fa ẹja kan jáde tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, tí ìlà dúdú mẹ́fà sì dúró gbọnrangandan lára rẹ̀. Nígbà tí mo la ẹnu rẹ̀ kí n lè yọ ìwọ̀, eyín iwájú rẹ̀ jọ ti ọmọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ sílẹ̀. Sheepshead ni wọ́n pè é. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló ń fi irú eyín bẹ́ẹ̀ ṣe, kí ló sì dé tí edé ẹnu ìwọ̀ mi fi ń tán kí n tó mọ̀ pé ẹja ti débẹ̀?

Alákàn dáhùn:
Ẹ kú oríire ẹja. Eyín iwájú yẹn ni ó fi ń họ àwọn oníkarahun kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ òpó afárá àti òkúta etí òkun. Ẹ tún wo inú ẹnu náà dáadáa: eyín roboto, tó le bí ọmọ ọlọ, wà ní ìlà mẹ́ta lókè àti méjì nísàlẹ̀, àárín wọn ni akàn ti ń fọ́ wẹ́wẹ́. Kì í sáré gbé ìjẹ mì. Ojú kan ni ó máa ń dúró sí tí yóò máa rún un, ìdí nìyẹn tí okùn yín kò fi mì. Ẹ fi akàn kékeré dípò edé, kí ẹ sì sọ ìwọ̀ sí ẹ̀bá òpó gan-an.

Ìyá Tọ́míwá dáhùn:
Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ohun rírọ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ láàárín koríko inú omi, títí eyín wọn yóò fi le tó láti fọ́ ìkarahun, kí wọ́n tó kó lọ sí ìdí òpó àti òkúta. Ó lè lò ju ogún ọdún lọ. Òkúta kékeré inú etí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ máa ń là kí wọ́n lè ka ọjọ́ orí rẹ̀. Sheepshead Bay, àdúgbò kan ní Brooklyn ní ìlú New York, gba orúkọ lára ẹja yìí, a sì ń rí i títí dé Brazil.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ dáhùn:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo tú ikùn rẹ̀ lánàá: èérún ìkarahun ni ó kún inú rẹ̀ bí iyanrìn, àti èékánná akàn kan ṣoṣo tí kò fọ́.