Mo fẹ́ gbé orí ọkọ̀ (ibi tí dẹrẹ́bà àti èrò ń jókòó sí) onílẹ̀kùn mẹ́rin sórí Fuso FG, ẹ bá mi dá sí i

BàbáÌbejì_Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Fuso FG ni mo ń wà, ọkọ̀ ẹrù four-wheel tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà iwájú àti ẹ̀yìn, onílẹ̀kùn méjì, torí Fuso ò ta FG onílẹ̀kùn mẹ́rin ní Amẹ́ríkà ńbí, wọ́n sì ti kéde ní 2020 pé àwọn ò ní ta ọkọ̀ tuntun níbí mọ́. Àwọn ọmọ ti ń dàgbà, a ò gba iwájú mọ́. Mo wá rí Fuso FE, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà ẹ̀yìn nìkan, onílẹ̀kùn mẹ́rin kan ní yáàdì, ẹ̀yìn ló fọ́, kò sí nǹkan kan tó ṣe orí ẹ̀. Ṣé mo lè tú u kí n gbé e sórí FG? Ṣé dandan ni kí n gé ṣaasí, irin gígùn tí orí àti bọ́dì jókòó lé, kí n fi gùn sí i?

Wẹ́dàMushin:
Ó ṣe é ṣe ọ̀gá, tí méjèèjì bá ṣáà jẹ́ módẹ́ẹ̀lì ìgbà kan náà, torí wáyà ló máa ń dààmú èèyàn, kì í ṣe irin. Odidi mọ́tò yẹn ni kẹ́ ẹ rà o, ẹ má ra orí nìkan. Irin tí ẹ̀yìn orí ń jókòó lé, rọ́bà ẹ̀, sípíríǹgì tó ń bá yín gbé orí sókè tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ẹ́ńjìnnì, gbogbo ẹ̀ lẹ máa lò, ti orí kékeré ò lè gbé ńlá láéláé. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn orí báyìí, bíi páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa atẹ́gùn, á kó kúrò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa gé ṣaasí, àárín transfer (gíá tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn) àti ásùù ẹ̀yìn ni, ẹ má fọwọ́ kan iwájú. Pùròpẹ́là ẹ̀yìn, ọ̀pá tó ń yí ásùù, á gùn sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n bálánsì ẹ̀ dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo mọ́tò á máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Ẹ sì tú báátìrì kí iná wẹ́dà tó kan ṣaasí, owó kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò kéré!

Adé_Brisbane:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Mushin, àmọ́ kí lẹ fẹ́ gé ṣaasí fún ná? Ní Ọsirélíà níbí, Isuzu ń ta ọkọ̀ ẹrù NPS four-wheel onílẹ̀kùn mẹ́rin, Canter, orúkọ tí wọ́n ń pe Fuso yìí níbí, náà ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo bí ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Èmi ò ní gé e o, bọ́dì ẹ̀yìn ni mo máa gé kúrú. Ṣaasí tó bá gùn jù, ikùn ẹ̀ á máa ha òkìtì, kò sì ní lè yí ní ọ̀nà tóóró, kí wá ni four-wheel ọ̀hún wúlò fún? Ìwúwo gan-an ló ń ba èmi lẹ́rù. Kí gbogbo ilé wọlé, kẹ́ ẹ gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á wọn iwájú lọ́tọ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ẹ wá fi wé nọ́ńbà ìwúwo tí mọ́tò lè gbé, tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn dẹrẹ́bà.

BàbáÌbejì_Houston:
Ẹ ṣé gan-an. Mi ò tíì kan bọ́dì ẹ̀yìn, ká kúkú gé e kúrú. Ṣé mo lè lu ihò láti inú orí bọ́ sínú bọ́dì ẹ̀yìn?

Adé_Brisbane:
Ẹ lè lu ú, àmọ́ rọ́bà tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi so wọ́n pọ̀, ẹ má fi irin dè é. Tí táyà kan bá gun òkúta, ṣaasí á lọ́, orí á wo ọ̀tún, bọ́dì á wo òsì, irin yòówù tó bá wà láàárín wọn á ya ni.

Wẹ́dàMushin:
Ẹ wo ọ̀pá sítíárìn náà o, FG ga ju FE lọ, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó fún wọn ní yáàdì.