Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn òṣìṣẹ́ mi ò ka kẹ́míkà sí nǹkan kan

Ọmọ Ìtá Òṣìn
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Iléeṣẹ́ júùsì ni mo wà níbí l'Abẹ́òkúta, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe súpáfáísọ̀ àwọn tó ń fọ táǹkì. Kọ́sítíìkì, sódà tó ń bó ara yẹn, la fi ń fọ̀ ọ́, lẹ́yìn ẹ̀ asíìdì, ká tó wá lo èyí tó ń pa kòkòrò àìfojúrí. A ti ṣe tìréníìnì, gbogbo wọn fọwọ́ síwèé, wọ́n láwọ́n ti gbọ́, àmọ́ kí n ṣáà ti yíjú, ìbọ̀wọ́ á ti bọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ká ọmọ kan mọ́ ibi tó ti ń bu kọ́sítíìkì sínú ike omi, ike omi mímu o! Ó tún wá gbé e sójú fèrèsé tí gbogbo wa ń gbé omi sí. Ọ̀gá ní kí n máa gé owó ẹni tí mo bá ká mọ́ ọn, ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ̀ ń ṣe níbi iṣẹ́ tiyín?

Bàbá Táǹkì
Ẹ má gé owó ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gé e lẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó máa ta sí wọn lára, wọ́n á fi aṣọ bò ó lọlé ni. Ṣé ẹ ti bi ọmọ yẹn ìdí tó fi bù ú sínú ike? Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà wúwo, téèyàn bá gbé e sókè tó ń dà á, ṣe ló ń ta pàràpàrà, lójú tiẹ̀ ara ẹ̀ ló ń ṣọ́. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tí wọ́n ń dé mọ́ ẹnu kẹ́ẹ̀gì la ní kí wọ́n rà níbi tiwa, látìgbà yẹn ẹnikẹ́ni ò wá ike kiri mọ́. Ẹ wo ìbọ̀wọ́ náà, sáìsì ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń rà fún gbogbo ayé, ọwọ́ àwọn obìnrin á máa yọ̀ nínú ẹ̀. Awò ojú tó ń ṣú tí ooru bá ti gòkè ńkọ́, ta ló fẹ́ máa táràrà ṣiṣẹ́? Ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì tètè tún ọ̀kan ṣe nínú ohun tí wọ́n bá sọ.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtokò
Bàbá ti sọ ọ́. Èdè wo lẹ tiẹ̀ fi ṣe tìréníìnì ọ̀hún? Tiwa, Gẹ̀ẹ́sì ni láti àárọ̀ dọ̀sán, àwọn ìyá tó ń fọ ìgò kàn ń mirí ni. Ìgbà tá a wá gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ níwájú wọn, tá a ní kí lẹ rí nínú àwòrán onílà pupa yìí, ọwọ́ tí nǹkan ń ro sí tó ń jẹ ẹ́, ìyá kan ní "háà, bó ṣe bó ẹ̀gbọ́n mi tó ń se ọṣẹ nìyẹn." Òun ló bá wa ṣàlàyé fáwọn yòókù pé omi la kọ́kọ́ ń bù, ká tó da kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi lé kọ́sítíìkì, torí ó máa hó ta síni lójú. Ẹ tún sọ fún wọn pé bílíìṣì àti asíìdì ò gbọdọ̀ pàdé láéláé, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń pààyàn.

Àrẹ̀mọ Pànṣẹ́kẹ́
Tó bá ta síni lára, epo pupa ni kí wọ́n fi ra á, kíá ló ń lọ.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtokò
@Àrẹ̀mọ ẹ jọ̀ọ́ o, kò sí epo níbẹ̀! Omi tó ń ṣàn ni, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n bọ́ aṣọ tó ta sí, tó bá jẹ́ ojú, ọsibítù ló kàn.

Kásúà ni mí
Ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi. Àwa la ń fọ táǹkì lóru, súpáfáísọ̀ ti lọ sùn. Ibi tí wọ́n ní ká ti fọ ojú, páálí ni wọ́n tò dí i. Tá a bá sọ̀rọ̀ wọ́n á ní a fẹ́ràn wàhálà, lọ́jọ́ kejì wọn ò ní pè wá síṣẹ́. Kẹ́ ẹ wá ní a ò gbọ́ tìréníìnì.

Bàbá Táǹkì
@Kásúà òfin Employee's Compensation Act ti 2010 ka kásúà, ẹni tí wọn ò gbà síṣẹ́ pátápátá, mọ́ òṣìṣẹ́, tẹ́ ẹ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìtọ́jú lọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó àwọn òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Ẹ tọ́jú fọ́nrán tàbí fọ́tò páálí yẹn pamọ́ sha.

Ọmọ Ìtá Òṣìn
Mo bi ọmọ yẹn. Èjìká ló ń dùn ún, kò lè gbé kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀gá ti gbà fún pọ́ǹpù, ti ìbọ̀wọ́ ló ṣì ń fà síwá fà sẹ́yìn. Lóru òní mo fẹ́ yọ sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kí n wo ibi ìfọjú tiwa náà. Kútọ̀ níbí ni mo ti máa rí pọ́ǹpù yẹn rà ni àbí Ọjọ́tà l'Ékòó?

Bàbá Táǹkì
Ẹ lọ Ọjọ́tà. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé kọ́sítíìkì lẹ fẹ́ fi fà, torí ó máa ń jẹ èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe.