Àkùkọ kọ kó tó tó àsìkò: ìrírí àwa tá à ń fi eré olórin wàásù

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa lónìí. Nígbàkígbà tá a bá ń jẹ́rìí nípa eré olórin tá a ṣe nínú ìjọ, iye èèyàn tó jáde síwájú nígbà tí pásítọ̀ pè wọ́n la máa ń kà. A kì í sọ ohun tó bàjẹ́. A kì í sì í sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ èèyàn lára níbi tá ò ti fojú sí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Eré Àjíǹde la ṣe, èmi ni olùdarí. Oṣù mẹ́rin la fi dánra wò, gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ni mo kó sórí ìtàgé, mo sì rò pé iṣẹ́ ti dé ìdajì nìyẹn, ṣebí wọ́n mọ orin kọ. Mo tan ara mi jẹ. Akọrin ìjọ kì í kọrin láìwo ọwọ́ ẹni tó ń darí wọn. Bí mo bá ní kí Màríà yíjú sí ibojì, orí á yí, ojú á ṣì wà lára olùdarí orin. Bí wọ́n bá rìn, orin á dúró. Bí wọ́n bá kọrin, ẹsẹ̀ á dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń ti apá ọ̀tún rìn dé apá òsì kí ohùn má sì já. Nígbà tó yá, mo ní kí olùdarí orin lọ dúró sẹ́yìn àwọn òǹwòran pátápátá, kí ó dà bíi pé àwọn èèyàn ni wọ́n ń wò. Ẹ dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́.

Orin Pétérù ni mo gbójú lé jù. Èmi ni mo kọ ọ́. Yóò sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, iná á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́, àkùkọ á kọ, dùrù nìkan á wá gbé orin. Alẹ́ ọjọ́ eré dé, ìránṣẹ́bìnrin bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Pétérù ní òun ò mọ ọkùnrin náà. Kó tó pa ẹnu dé, "Kùkùrúùkúùù!" Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ohùn ti tẹ bọ́tìnì.

Àwọn ọmọdé tó wà níwájú bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà náà bá wọn rín in. Èmi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo fọwọ́ bojú. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe Pétérù kò mì. Ó yíjú sí ibi tí ohùn náà ti wá, ó dúró, bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ níbi tó rò pé kò sẹ́ni tó mọ òun. Ó wá mi orí, ó ń bá sísẹ́ lọ. Ẹ̀rín gé. Nígbà tí àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀kejì, lásìkò tiẹ̀ gan-an, mo gbọ́ tí ẹnì kan láàárín èrò ní "Áà!"

Lẹ́yìn eré, bàbá arúgbó kan di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ tẹ̀ lé Máàkù." Mo ní ẹ ṣé sà, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo délé, mo ṣí Máàkù orí 14. Lóòótọ́, ibẹ̀ nìkan ni Jésù ti sọ pé kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀mejì, Pétérù á ti sẹ́ òun lẹ́ẹ̀mẹta. Mátíù, Lúùkù àti Jòhánù ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyẹn ni pé Pétérù gbọ́ ìkìlọ̀ kan, ó sì tún ń bá a lọ. Gbogbo orin tí mo fi oṣù mẹ́rin tún ṣe kò sọ tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún náà, àkùkọ méjì la ń lò.

Kí n má purọ́, ọmọ ìdí ẹ̀rọ yẹn sunkún lọ sílé. Mo ti jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo èèyàn kí bàbá yẹn tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìyẹn ò sí nínú ẹ̀rí tí mo jẹ́ nínú ìjọ.

Onímáíkì

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ bẹ ọmọ yẹn o. Èmi náà ti wà nípò rẹ̀ rí.

Tèmi ò gùn. Máíkì tí kò ní wáyà, àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí yẹn, ẹ mọ ohun tó ń pa á? Òógùn. Ẹni tó ṣe Jésù nínú eré wa ń làágùn bí ẹni òjò pa, aṣọ mẹ́ta lọ́rùn, iná lórí. Níbi Ìwàásù orí Òkè gan-an ni ohùn rẹ̀ ti lọ. Ẹnì kan tó ti pẹ́ nídìí eré orí ìtàgé ló là mí lóye: kọ́ńdọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń wé àpótí náà, èyí tí kò ní òróró lára. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ilé eré ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ra pákẹ́ẹ̀tì méjì, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó bó ṣe jẹ́, torí mi ò fẹ́ purọ́ fún ìjọ Ọlọ́run. Akápò pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ó tó ìṣẹ́jú 20 kó tó gbà pé máíkì ló wà fún. Láti ìgbà náà, "ọ̀rá ẹ̀rọ" ni mò ń kọ síbẹ̀.

Bátìrì tuntun lálaalẹ́ o. Èyí tó bá ti lò dé ìdajì, ẹ gbé e fún aago ògiri.

Ìyá Aláṣọ

Onímáíkì, o pa mí lẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dùn ọkàn ni mo gbé wá.

Nínú ìjọ tí mo wà nígbà kan, tí mi ò ní dárúkọ, obìnrin kan wà. Ọkọ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ìròyìn tí kò dáa sì ń tẹ̀ lé e kiri. Ṣùgbọ́n bó bá kọrin, wàá gbé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ sílẹ̀. Òun ni olùdarí fún ní orin obìnrin tó fi omijé wẹ ẹsẹ̀ Jésù. Mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti rán aṣọ náà tán, aṣọ àwọ̀ eérú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dá ìṣẹ́tí rẹ̀ sí kó gùn, kó lè tẹ́ sílẹ̀ yí i ká bó bá kúnlẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn àgbà ìjọ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè ṣojú wọn lórí ìtàgé. Wọ́n gbé e fún ọmọ alàgbà kan.

Ọmọ náà kò burú, ohùn rẹ̀ tutù. Àmọ́ aṣọ náà gùn jù fún un, mo ní láti ká ìṣẹ́tí sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Mò ń rán an, inú ń bí mi, abẹ́rẹ́ ń gún mi lọ́wọ́. Orin ẹlẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n dárí jì ni o, wọ́n wá ń wá ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí tó máa kọ ọ́.

Obìnrin náà wá wo eré. Ẹ̀yìn ló jókòó sí. Nígbà tí orin rẹ̀ dé, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ, ohùn ò jáde. A ò rí i mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Olùfẹ́ Ìtàn

Ọ̀rọ̀ yín ti wà látọjọ́ pípẹ́, mà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1742, nígbà tí Handel, gbajúmọ̀ tó ń ṣe orin, kọ́kọ́ gbé Messiah, orin ńlá rẹ̀ nípa Jésù, jáde ní Dublin, Susannah Cibber wà lára àwọn tó dá orin kọ. Eléré ni, ẹjọ́ àgbèrè rẹ̀ sì ti di ohun tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ káàkiri Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn sọ pé nígbà tó kọ orin nípa ẹni tí a kẹ́gàn, tí a kọ̀ sílẹ̀, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Patrick Delany fò dìde, ó ké sí i pé kí a tìtorí orin náà dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Lára owó tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, wọ́n fún ilé ìwòsàn méjì, wọ́n sì san gbèsè àwọn tí wọ́n tì mọ́lé nítorí gbèsè. Èèyàn 142 ló jáde.

Ẹ̀yin aláṣọ á fẹ́ràn èyí: wọ́n bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má wọ yẹ̀rì tó ń mú aṣọ fẹ̀ wá, kí àwọn ọkùnrin sì fi idà sílé, kí àyè lè gba èrò.

Alága Ọ̀dọ́

Ẹ ka ìwé àdéhùn o. A sanwó eré fún àwọn tó ni ín, a ṣe é lálẹ́ mẹ́ta, a gbé fídíò rẹ̀ sórí YouTube, kò lo ọjọ́ méjì tí wọ́n fi yọ ọ́. Àṣẹ àtiṣeré lórí ìtàgé yàtọ̀ sí àṣẹ àtiká a sílẹ̀. Ìwé àṣẹ tí ìjọ fi ń kọ orin olórin lọ́jọ́ Ìsinmi náà kò kan eré. Ìyá ẹni tó ṣe áńgẹ́lì ṣì ń béèrè fídíò lọ́wọ́ mi títí dòní.

Ẹni tó ṣe Bárábà

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣeré nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ka gbogbo ẹrù wa níkọ̀ọ̀kan ká tó wọlé, wọ́n ní àwọn á tún kà á bá a bá ń jáde. Idà onípáálí tí ọmọ ogun Róòmù ń lò, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Okùn pàápàá kò wọlé. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ pa iná rárá. Gbogbo ohun tí olùdarí wa ti ń fi òkùnkùn bò, ojú gbangba la ti ṣe é: a rí àwọn tó ń gbé àgbélébùú wọlé, a rí Jésù tó ń pààrọ̀ aṣọ.

Bárábà, ọ̀daràn tí wọ́n tú sílẹ̀ dípò Jésù, kì í ṣe ipò ńlá. Mi ò ní orin, mi ò ní gbólóhùn kan. Wọ́n á mú mi jáde, èrò á pariwo orúkọ mi, wọ́n á tú mi sílẹ̀, màá gba àárín òǹwòran jáde. Nínú ìjọ, ṣe ni wọ́n máa ń ṣe "ṣíọ̀" sí mi bí mo bá ń kọjá. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó mí. Mo rìn láàárín wọn bá a ṣe fi dánra wò, mo dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn tì. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún mi pé wọn kì í ṣí i títí a ó fi parí. Wọ́dà wò mí, mo wo wọ́dà. Mo dúró síbẹ̀.

Ọkùnrin kan tó jókòó létí ilẹ̀kùn fa aṣọ mi. Ó rọra ní, "Ṣebí wọ́n ti ní kó o máa lọ. Kí lo tún dúró ṣe?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi kan Jésù mọ́ igi. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ kò kan àgbélébùú. Wọ́n ní níbo ni Bárábà lọ. Pásítọ̀ wa ṣí Bíbélì síwá sẹ́yìn, kò sí níbẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, olùdarí kọ orin fún Bárábà, ẹsẹ méjì péré. Ó ní kí n máa kọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Bí mo bá kọ ọ́ tán, n kì í mọ ibi tó yẹ kí n gbà.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Mo pe ọmọ ìdí ẹ̀rọ yẹn lálẹ́ àná. Ó ti di bàbá ọmọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti pẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí bóyá àkùkọ kejì ṣì ń wọlé lásìkò.