Ọdún kẹta lísáǹsì ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: ṣé kí n parí ẹ̀, àbí kí n wáṣẹ́ lọ?

Ọmọ Kétu
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kútọnu ni mo ti ń kàwé, ọdún tó kẹ́yìn lísáǹsì ni mo wà yìí. Mo lọ ṣe sitáàjì nílé-iṣẹ́ kékeré kan ní Àjàṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀gá ní kí n fi Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe sí kódù, gba kódù wọn sórí kọ̀ǹpútà mi, kí n tún ibì kan ṣe, kí n dá a padà. Mo kàn ń wò ó ni. Nílé ìwé wa, orí bébà la ti ń kọ C, èdè tí wọ́n fi ń kọ kódù, nígbà ìdánwò. Gbàgbé àmì kan, máàkì ti lọ nìyẹn. Ẹnì kan ò dárúkọ Git fún wa rí. Ọmọdé kan tó ní BAC nìkan ló wá jókòó tì mí, tó ń fi hàn mí.

Àbúrò bàbá mi ní kí n fi ilé ìwé sílẹ̀, kí n fi owó tó kù ra kọ̀ǹpútà gidi, kí n máa kọ́ṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Màmá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ará Àjàṣẹ́
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Ta ló ń torí Git fi yunifásítì sílẹ̀? Ọdún 2005 ni Linus Torvalds ṣe é, èyí tí wàá máa lò lójoojúmọ́ nínú ẹ̀ ò pọ̀. MIT pàápàá, yunifásítì ńlá kan l'Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́n tó bó ṣe yẹ. Lọ́dún 2020 ni wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní The Missing Semester nítorí irú ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Èdè òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni ṣá, kì í ṣe Faransé.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Èmi ò gbà. Mi ò ní dípílómù kankan, sáìtì ni mò ń ṣe fáwọn oníṣòwò, mo sì ń jẹun. Oníbàárà kan ò bi mí ní ìwé ẹ̀rí rí. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" ni wọ́n ń bi mí. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin, Kútọnu
Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Wọ́n ṣe sáìtì fún ìyá aláṣọ kan ní Wàndó. Oníbàárà á fi MoMo sanwó, ọ̀rọ̀ á wọlé pé owó ti dé, sáìtì á yọ aṣọ kúrò nínú iye tó kù. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá ṣe ségesège, ọ̀rọ̀ kan náà á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ kan ni wọ́n rà, méjì ni sáìtì yọ. Ẹni tó ṣe é ń pààrọ̀ àwọ̀ bọ́tìnnì kiri!

Ohun tó yẹ ò ju kí nọ́ńbà ìsanwó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú tábìlì, kí dátábéèsì, ibi tí sáìtì ń kó àkọsílẹ̀ sí, lé èkejì padà. Kí gbígba owó àti yíyọ aṣọ sì wà nínú tiransáṣọ̀n kan: bí ọ̀kan ò bá wọlé, èkejì ò gbọdọ̀ wọlé. Inú ẹ̀kọ́ dátábéèsì tí ẹ ń sùn sí nìyẹn wà. Láti ọdún 1970 tí Codd, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ti kọ̀wé nípa kíkó dátà sínú tábìlì ni ìpìlẹ̀ irú dátábéèsì yìí ti wà nílẹ̀. Ìgbà wo ni Git dé?

Àbúrò, parí lísáǹsì ẹ. Kọ́nkúùrù ìjọba kankan ò ní gba ẹnu lásán lọ́wọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe mémoire, ìwé ìparí ẹ̀kọ́, tí wọ́n á kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣe ohun tí oníṣòwò kan á máa lò, kí kódù ẹ̀ wà lórí Git látọjọ́ kìíní.

Ìyá Ìbejì
Ta ló ń san owó ilé ìwé ọ̀hún ná?

Ọmọ Kétu
Màmá mi ni, mà.

Ìyá Ìbejì
Ó tán. Àbúrò bàbá ẹ kó tiẹ̀ jáde ká rí i.

Ọmọ Kétu
😂 Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀gbọ́n Kútọnu, MySQL ni dátábéèsì tí wọ́n fi kọ́ wa. Ṣé ó lè ṣe tiransáṣọ̀n tí ẹ sọ yẹn?

Ẹ̀gbọ́n obìnrin, Kútọnu
Ó lè ṣe é. Ṣáà rí i pé InnoDB, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí MySQL ń gbà tọ́jú dátà, ni tábìlì ẹ ń lò. Bó bá jẹ́ MyISAM, kò ní ṣe é, kò sì ní sọ fún ẹ.