Lẹ́tà Méjì tí Ìjọ Wa Kọ sí Ìgbìmọ̀ Kọmúnù ní Agbègbè Kétu

Ẹ̀yin ará Sábẹ, ẹ ní kí ẹni tó bá ti inú ìjọ Kátólíìkì gbé ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ tọ ìjọba lọ rí sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Agbègbè Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni èmi ń gbé, nínú ìjọ kékeré kan lábẹ́ dáyọ́sísì Pọ́tọ̀-Nófò, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìtọ́jú ìṣẹ̀dá níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023 ni Póòpù Francis gbé ìwé Laudate Deum jáde lórí ìyípadà ojú ọjọ́, tó fi sọ pé láti ìgbà tí òun ti kọ Laudato Si', ìwé òun lórí ìtọ́jú ìṣẹ̀dá, ní ọdún 2015, ohun tí ayé ṣe kò tíì tó. Bàbá àlùfáà wa ka apá kan rẹ̀ fún wa, wọ́n sì padà sí ẹsẹ 179 nínú Laudato Si', níbi tó ti wà pé bí ará ìlú kò bá mójú tó àwọn aláṣẹ, títí kan àwọn ti ìbílẹ̀, apá kò ní ká ìbàjẹ́ àyíká. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, mo ti kọ lẹ́tà ojú ewé méjì pé kí kọmúnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, fi òfin de gígé igi fún èédú pátápátá.

Kí a tó fi í ránṣẹ́, mo kà á sétígbọ̀ọ́ ìjọ lẹ́yìn Mísà. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá àgbà kan, tó ti ń sun èédú láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, wá dìde, wọ́n ní: “Ọmọ mi, èédú yìí ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níléèwé. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?” Ojú tì mí gidigidi. Ẹsẹ 49 inú ìwé kan náà ní kí á gbọ́ igbe ilẹ̀ ayé àti igbe tálákà pọ̀. Igbe kan ṣoṣo ni èmi gbọ́.

A dá lẹ́tà náà dúró. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin la fi jókòó ti àwọn obìnrin wọ̀nyí, wọ́n sì là á yé wa pé àwọn gan-an ló kọ́kọ́ mọ̀ pé igi ń tán, nítorí pé ẹ̀yìnkùlé abúlé ni wọ́n ti ń gé e tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n alùpùpù ni wọ́n ń gùn lọ síbi tí igi wà báyìí, owó ọ̀nà sì ń jẹ èrè wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá ń kánjú nítorí ọkọ̀ tó ń kó èédú lọ sí Kútọ̀nú a máa sun igi tútù, èédú rẹ̀ kì í sì í pọ̀ bíi ti igi gbígbẹ. Bàbá àgbẹ̀ kan dá sí i pé nígbà èwe àwọn, àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́, ọjọ́ 19 oṣù Ẹrẹ́nà, ni àwọn fi ń mọ ìgbà tí oko yẹ kó ti wà ní sẹpẹ́ de òjò. Nísinsìnyí, òjò àkọ́rọ̀ a rọ̀, àgbàdo a hù, ọ̀dá a sì dá a gbẹ, wọn a tún gbìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èédú Kétu ló da ojú ọjọ́ ayé rú. Èéfín àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, igi tí a bá gé níhìn-ín, ilẹ̀ tiwa ló ń tú sí ìhòòhò.

Nínú lẹ́tà kejì, a tọ́ka sí òfin 2018-18 tí orílẹ̀-èdè Benin ṣe lórí ìyípadà ojú ọjọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún ọdún 2018. A bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ tí a ó gbin akásíà sí fún èédú, nítorí pé kì í pẹ́ dàgbà, kí á lè dá igi irú àti igi òrí sí. A tún ní kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa bomi rin àwọn igi tí a ń gbìn ní ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù, Ọjọ́ Igi, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ń kú kí ọyẹ́ tó parí.

Ìyá àgbà yẹn ló ṣíwájú wa dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kọmúnù, àwọn ló sì sọ̀rọ̀ jù. Àwọn ìgbìmọ̀ bèèrè ìbéèrè lọ́wọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì gba lẹ́tà náà. A kò tíì rí ilẹ̀ náà gbà, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irúgbìn akásíà sínú ọ̀rá lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Ẹ̀yin ará Sábẹ, báwo ni tiyín ṣe rí?