Iná wo la lè tàn sójú ọ̀nà igbó láìtú àṣírí iwin?

Ẹ jọ̀ọ́, àwa òbí kan ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe ìrìn abanilẹ́rù nínú igbó lálẹ́ Halloween, ìyẹn alẹ́ táwọn èèyàn máa ń múra bí iwin, ká fi kówó jọ fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Lọ́dún tó kọjá, iná sólà kò rí oòrùn gbà lábẹ́ igi. Kò pé wákàtí kan tó kú. Àbẹ́là ńkọ́? Ewé gbígbẹ ló kún ilẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ńlá wá mọ́lẹ̀ jù: ọmọ mi rí mi nínú aṣọ iwin, ló bá ń béèrè oúnjẹ alẹ́!

Iná oníbátìrì wo lẹ ti lò tó gbé wákàtí mẹ́ta nínú òtútù, tó ń fi gbòǹgbò igi han ọmọdé, síbẹ̀ tí kò mọ́lẹ̀ dé ojú iwin? Mélòó ló máa tó ọ̀nà 300 mítà?