Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ "rash" yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àgbádárìgì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ooru sú sí ọ̀kan lọ́rùn, wẹ́wẹ́ bí iyanrìn, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "rash", ló bá béèrè bóyá "rash" yẹn náà ni wọ́n ń pe oníwàǹwára. Ìwé atúmọ̀ èdè ní wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ó jọ pé inú "rache", Faransé àtijọ́, ni ti ara ti wá, ó sì tan mọ́ híha nǹkan. Ti oníwàǹwára bá "rasch" àwọn ará Jámánì tan, ìyẹn kíákíá. Ó dùn mọ́ mi gan-an! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Faransé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ọ ní Àjàrá níbí, ẹ dákun, ṣé ẹ ti gbọ́ "rache" lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí? Kí ni wọ́n ń pè é lódìkejì bọ́dà Sẹ̀mẹ̀?